Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Gbígbé Ìdájọ́ Ìlékúrò-nílé ti Kóòtù Ìpínlẹ̀ Lọ sí Kóòtù Ìjọba Àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà Láìní Lọ́yà

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ń yálé gbé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń béèrè nígbà tí adájọ́ ìpínlẹ̀ bá ti ní kí wọ́n kó jáde. Àlàyé gbogbogbòò ni ìdáhùn wọn. Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà kí ẹni tí ọ̀ràn kàn ka ìwé tí kóòtù fún un dáadáa kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ kankan.

Kóòtù wo ní í gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé?

Kóòtù ìpínlẹ̀ ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó kéré jù nínú wọn. Ní Texas, iwájú adájọ́ tí wọ́n ń pè ní justice of the peace ni onílé ń lọ. Ní Georgia, Magistrate Court ni. Ní ìlú New York, Housing Court ni. Ní Maryland, District Court ni. Ẹjọ́ wéréwéré ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, nítorí òfin fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa gbé inú ilé náà tètè yanjú.

Ẹ kíyè sí orúkọ ti Maryland yẹn. Kóòtù ìpínlẹ̀ ni District Court of Maryland; ti ìjọba àpapọ̀ ni United States District Court, tí ó ní ilé ní Baltimore àti Greenbelt. Bí ẹ kò bá rí «United States» lórí ìwé tí wọ́n fi pè yín, kóòtù ìpínlẹ̀ ni ẹ ń lọ.

Ṣé kóòtù ìjọba àpapọ̀ kọ́ ni ó ga ju ti ìpínlẹ̀ lọ?

Rárá o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, nítorí pé bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà kọ́ ni ó rí ní Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, ẹni tí kóòtù Májísíréètì bá dá lẹ́bi lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀, kí ó ti ibẹ̀ lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, kí ó sì parí rẹ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá. Ó ti mọ́ wa lára pé bí ọ̀ràn bá kọjá agbára ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ àpapọ̀ ni ó kàn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́ kóòtù méjì ni ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ń gòkè láàárín àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ títí dé èyí tí ó ga jù níbẹ̀. Ẹjọ́ àpapọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti United States District Court, ó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington nìkan ni àwọn méjèèjì ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí 28 U.S.C. § 1257 (ìyẹn abala 1257 nínú ìwé kejìdínlọ́gbọ̀n ti àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀) ṣe là á sílẹ̀. Àṣẹ tí adájọ́ United States District Court ní lórí ìdájọ́ Housing Court kò ju èyí tí adájọ́ Ìbàdàn ní lórí ìdájọ́ Àkúrẹ́ lọ.

Ṣé òfin gbà mí láàyè láti ro ẹjọ́ ara mi ní kóòtù àpapọ̀?

Ó gbà yín láàyè. 28 U.S.C. § 1654 sọ pé ènìyàn lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ nínú ẹjọ́ Haines v. Kerner ní ọdún 1972 pé kí àwọn adájọ́ má fi òṣùwọ̀n lọ́yà wọn ìwé tí ẹni tí kò ní lọ́yà kọ. Ìyẹn kò ní kí adájọ́ bá yín wá ẹ̀rí tàbí kí ó bá yín ka ọjọ́. Àwọn akọ̀wé kóòtù lè fún yín ní fọ́ọ̀mù, wọn kò gbọdọ̀ gbà yín nímọ̀ràn lórí ohun tí ẹ ó kọ sínú rẹ̀.

Ara yín nìkan ni ẹ lè rò ẹjọ́ fún. Ọkọ kò lè ro ẹjọ́ aya, pásítọ̀ kò lè ro ẹjọ́ ọmọ ìjọ, àfi bí ó bá jẹ́ lọ́yà tí ó ní ìwé àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ni ẹ fi yá ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù náà, ilé-iṣẹ́ kò lè dá dúró níwájú kóòtù àpapọ̀ láìní lọ́yà, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ni ín.

Èló ni wọ́n ń gbà?

Dọ́là 405 ni owó ìpẹjọ́ ní United States District Court. Ẹni tí kò ní in lè kọ̀wé lábẹ́ 28 U.S.C. § 1915 pé kí wọ́n fi owó náà jì í, yóò sì búra sí iye tí ń wọlé fún un àti iye tí ń jáde. Ẹ mọ̀ pé àṣẹ yẹn ní ẹ̀yìn: adájọ́ yóò yẹ ẹjọ́ náà wò fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí onílé pàápàá, bí ó bá sì rí i pé kò ní ìpìlẹ̀, yóò dá a nù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ irú èyí ni onílé kì í gbúròó rẹ̀ rárá.

Kí ni òfin Rooker-Feldman tí gbogbo ènìyàn ń sọ yìí?

Orúkọ ẹjọ́ méjì ni wọ́n so pọ̀. Ti ọdún 1923, Rooker v. Fidelity Trust, wá láti Indiana. Ti ọdún 1983, tí Feldman wà nínú rẹ̀, wá láti Washington. Ohun tí méjèèjì kọ́ni ni pé United States District Court kò ní àṣẹ láti yẹ ìdájọ́ kóòtù ìpínlẹ̀ wò bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Exxon Mobil v. Saudi Basic Industries, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ààlà sí i, torí pé àwọn kóòtù ìsàlẹ̀ ti ń nà án kọjá ibi tí ó yẹ. Òfin náà ń mú ẹni tí ó bá pàdánù ní kóòtù ìpínlẹ̀, tí ó ń ráhùn pé ìdájọ́ yẹn gan-an ni ó pa òun lára, tí ìdájọ́ náà sì ti jáde kí ó tó wá sí kóòtù àpapọ̀, tí ó wá ń bẹ kóòtù àpapọ̀ pé kí ó wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ẹ fi ẹjọ́ ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé wé e. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé «adájọ́ ṣe àṣìṣe, ẹ dá mi padà sílé», gbogbo rẹ̀ ni ó bára mu.

Nítorí pé ọ̀ràn àṣẹ kóòtù ni, kò dìgbà tí onílé bá mẹ́nu kàn án. Adájọ́ lè gbé e dìde fúnra rẹ̀, nígbàkígbà.

Kí wá ni mo lè ṣe ní kóòtù ìpínlẹ̀, ọjọ́ mélòó ni mo sì ní?

Ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tàbí kí ẹ bẹ adájọ́ kan náà pé kí ó wọ́gi lé ìdájọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ kéré gan-an. Ní Texas, ọjọ́ 5 ni láti ìgbà tí adájọ́ justice of the peace bá ti fọwọ́ sí ìdájọ́. Ní Georgia, ọjọ́ 7 ni. Ní Maryland, bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ owó ilé tí a kò san, ọjọ́ 4 péré ni.

Texas ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ̀. Kóòtù county tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń lọ kì í kàn yẹ iṣẹ́ adájọ́ àkọ́kọ́ wò. Ńṣe ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì dá a, ẹ sì lè mú ẹ̀rí tí ẹ kò mú wá tẹ́lẹ̀ wá. Ẹni tí kò rí owó bọ́ǹdì, ìyẹn owó ìdúró fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, san lè fi ìwé ìbúra sọ pé apá òun kò ká a. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orí owó ilé ni ẹjọ́ dá lé, ó ní láti máa san owó ilé sọ́dọ̀ kóòtù bí ó ti ń tó àsìkò. Bí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ, onílé lè gba àṣẹ láti lé e jáde kí ẹjọ́ tó parí. Ní ibi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ rí báyìí: pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lásán kò dá ìlékúrò dúró, àfi kí ẹ tún gba àṣẹ ìdádúró, kí ẹ sì san ohun tí ó bá a rìn.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n dájọ́ lẹ́yìn yín, ẹ tọrọ kí wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣí. Ní New York, ìwé tí wọ́n ń pè ní order to show cause ni ẹ ó kọ. Adájọ́ tí ó bá fọwọ́ sí i lè pàṣẹ kí máṣà, òṣìṣẹ́ tí ń mú àṣẹ ìlékúrò ṣẹ, má tíì lé yín títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹ ó ṣàlàyé ìdí tí ẹ kò fi yọjú, ẹ ó sì sọ àwíjàre gidi tí ẹ ní. Èyí kejì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ní èrò tèmi, ìpalára tí ó tóbi jù tí kóòtù àpapọ̀ ń ṣe fún ayálégbé kì í ṣe pé ó ń dá ẹjọ́ rẹ̀ nù. Ọjọ́ márùn-ún tàbí méje tí ó ná sórí ìwé tí ó ń kọ lọ síbẹ̀ ni, nítorí àwọn ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ fi kú.

Ẹ̀tọ́ mi lábẹ́ òfin àpapọ̀ ni onílé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé adájọ́ ìpínlẹ̀ lè gbọ́ ìyẹn?

Ó lè gbọ́ ọ, ó tilẹ̀ di dandan fún un. Abala Kẹfà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé òfin àpapọ̀ de gbogbo adájọ́ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní àwíjàre lábẹ́ òfin àpapọ̀, iwájú adájọ́ ìpínlẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Díẹ̀ nínú wọn rèé. Òfin tí ó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ọ̀rọ̀ ilé léèwọ̀, Fair Housing Act, ti wà láti 1968. Bí báǹkì bá gba ilé mọ́ onílé yín lọ́wọ́ nítorí gbèsè, òfin ọdún 2009 tí wọ́n sọ di àìlópin ní 2018 fún ayálégbé gidi ní ó kéré tán ọjọ́ 90 kí wọ́n tó lè lé e. Òfin CARES ti ọdún 2020 ní kí àwọn onílé kan tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́, tàbí tí gbèsè ilé wọn ní ìdúró ìjọba àpapọ̀, fún ayálégbé ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Àwọn kóòtù kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ìyẹn ṣe gbòòrò tó lónìí, ṣùgbọ́n kò ná yín ní nǹkan kan láti gbé e dìde. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní ààbò tirẹ̀.

Ṣé fífi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ ní kóòtù àpapọ̀ máa ń dá ṣẹ́ríìfù dúró?

Kò dá a dúró. Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn agbófinró tí ń mú àṣẹ kóòtù ṣẹ, tí ó ní àṣẹ kóòtù ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ṣíwọ́ nítorí pé ẹ fi ìwé tí ó ní òǹtẹ̀ kóòtù mìíràn hàn án.

Ohun tí ó lè dá a dúró ni àṣẹ ìdádúró kánkán láti ọwọ́ adájọ́ àpapọ̀. Kí ó tó fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ jàre, pé ìpalára tí owó kò lè tún ṣe ń bọ̀, pé ìnira tiyín ju ti onílé lọ, àti pé àǹfààní ará ìlú wà níbẹ̀. Pípàdánù ilé sábà máa ń tó fún ìkejì. Ìkíní ni ó máa ń bà á jẹ́, nítorí Rooker-Feldman. Òfin mìíràn tún wà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1793, 28 U.S.C. § 2283, tí ó ka á léèwọ̀ fún kóòtù àpapọ̀ láti dá ìgbẹ́jọ́ ìpínlẹ̀ dúró, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀ràn díẹ̀ yẹn ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ 42 U.S.C. § 1983, gẹ́gẹ́ bí Mitchum v. Foster ti sọ ní 1972, ṣùgbọ́n ẹ ó ka ìdí tí ìyẹn fi ṣòro lò mọ́ onílé aládàáni nísàlẹ̀.

Bí adájọ́ ìpínlẹ̀ kò bá tíì dájọ́, ṣé mo lè gbé ẹjọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀ lọ sí kóòtù àpapọ̀?

Òfin ní ọ̀nà kan fún olùjẹ́jọ́ láti gbé ẹjọ́ kúrò ní ìpínlẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 tí ó gba ìwé ìpè. Ọ̀nà yẹn kò sí fún ẹjọ́ ìlékúrò-nílé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ohun tí onílé kọ sínú ìwé tirẹ̀ ni kóòtù àpapọ̀ yóò wò. Bí onílé bá kọ pé «kò san owó ilé», òfin ìpínlẹ̀ nìkan ni ó gbé wá, àwíjàre tiyín lábẹ́ òfin àpapọ̀ kò sì lè sọ ọ́ di ẹjọ́ àpapọ̀, Vaden v. Discover Bank, ní ọdún 2009, sọ pé ẹ̀sùn tí olùjẹ́jọ́ fi ṣe ẹ̀san pàápàá kò kà. Ẹ lè sọ pé ìpínlẹ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti onílé, èyí tí í ṣe ọ̀nà mìíràn sí kóòtù àpapọ̀. Ìyẹn náà ń fẹ́ kí owó tí ẹjọ́ dá lé ju dọ́là 75,000 lọ, òfin kò sì gba olùjẹ́jọ́ tí í ṣe ará ìpínlẹ̀ ibi tí ẹjọ́ wà láàyè láti lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé náà ni ará ibẹ̀.

Lóòótọ́, ní kété tí ẹ bá ti fi ìwé ìgbéjọ́kúrò náà sílẹ̀ tí ẹ sì fi tó kóòtù ìpínlẹ̀ àti onílé létí, adájọ́ ìpínlẹ̀ ní láti dáwọ́ dúró títí wọn yóò fi dá ẹjọ́ padà sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tà á bí oògùn. Àwọn adájọ́ àpapọ̀ ti mọ̀ ọ́n ní ẹtàn ìfàkókòṣòfò, wọ́n lè dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì lè ní kí ẹ san owó lọ́yà onílé. Ẹni tí ó bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nínú ẹjọ́ kan náà ń wá ìbínú adájọ́ ni.

Ǹjẹ́ ayálégbé kankan ti jàre rí ní kóòtù àpapọ̀?

Wọ́n ti jàre, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe jàre, nítorí orúkọ wọn ni àwọn ènìyàn ń kọ sínú ìwé ẹjọ́ tí kò jọ tiwọn.

Ní Louisville, Kentucky, àwọn ayálégbé ilé ìjọba sọ pé àwọn kò rí ìwé ìpè, torí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn tí ń fi ìwé jíṣẹ́ fúnra wọn jẹ́rìí pé àwọn mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń ya á kúrò. Ní 1982, nínú Greene v. Lindsey, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé lílẹ̀wé mọ́lẹ̀kùn báyẹn láìfi lẹ́tà ránṣẹ́ tako Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú, nínú Lindsey v. Normet, àwọn ayálégbé Portland ní Oregon bá òfin ìlékúrò ìpínlẹ̀ wọn jà kí ẹnikẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n jàre ẹyọ kan: kóòtù fagi lé apá tí ó ní kí ayálégbé tí ó fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ìlọ́po méjì owó ilé ṣe ìdúró. Wọ́n pàdánù ìyókù, kóòtù sì sọ ọ́ gbangba pé ìwé òfin ilẹ̀ náà kò ṣe ìlérí ilé fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni Soldal v. Cook County, 1992, ní Illinois. Àwọn alámòójútó ọgbà kan fa ilé alágbèéká ìdílé kan tu nílẹ̀ kí kóòtù tó pàṣẹ, àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́ríìfù sì dúró tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa dí wọn lọ́wọ́. Gbogbo adájọ́ ní Washington fohùn ṣọ̀kan pé ìgbẹ́sẹ̀lé tí Àtúnṣe Kẹrin kàn ni. Kò sí ìdájọ́ kóòtù ìpínlẹ̀ kankan tí ìdílé náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wọ́gi lé. Ìwà tí wọ́n hù láìní ìdájọ́ ni ẹjọ́ wọn dá lé. Ẹni tí onílé bá yí kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ láìlọ sí kóòtù, tí ọlọ́pàá sì bá a lọ́wọ́ sí i, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ èyí.

Ilé ìjọba ni mò ń gbé, tàbí Section 8, ìrànwọ́ owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, ni mò ń lò. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ púpọ̀. § 1983 ń mú ẹni tí ó lo agbára ìjọba láti tẹ ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀. Onílé aládàáni tí ó lọ sí kóòtù gba ìdájọ́ kì í ṣe ìjọba, lílo kóòtù nìkan kò sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àjọ ilé gbígbé ti ìlú tàbí ti county jẹ́ ìjọba. Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá gba ìwé ìrànwọ́ owó ilé lọ́wọ́ yín láìjẹ́ kí ẹ rojọ́ níwájú ẹni tí kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ní ẹjọ́ gidi ní kóòtù àpapọ̀, nítorí ìpinnu àjọ kì í ṣe ìdájọ́ kóòtù, Rooker-Feldman kò sì kàn án.

Ẹ tètè béèrè fún ìgbọ́rọ̀ náà nínú ìwé. Ọjọ́ tí ẹ ní wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín.

Onílé mi lé mi nítorí àwọ̀ mi, ìlú tí mo ti wá tàbí àìlera mi. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn tí mo ti kó jáde?

Ẹ lè pè é. Ẹ ní ọdún kan láti fi ẹ̀sùn kan án ní HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, àti ọdún méjì láti lọ sí kóòtù. Ohun tí ẹ ó béèrè fún ni ó ṣe pàtàkì jù: owó ìtanràn fún ìwà tí ó hù sí yín, tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yálà ìdájọ́ ìlékúrò tọ́ tàbí kò tọ́. Bí ẹnì kan bá fi hàn pé onílé ń gba owó tí ó pẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun nínú ilé kan náà tí ó sì ń gbé àwọn adúláwọ̀ lọ sí kóòtù fún irú ìdádúró kan náà, ìwà onílé ni ó ń fẹjọ́ sùn, kì í ṣe adájọ́.

Ìdènà mìíràn tún wà níbí. 28 U.S.C. § 1738 ní kí kóòtù àpapọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ ìpínlẹ̀ bí ìpínlẹ̀ náà ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá sọ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ tí ẹ kò sọ ti lọ, yóò lọ ní kóòtù àpapọ̀ pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ kan, ẹjọ́ ìlékúrò kì í gba ẹ̀sùn mìíràn mọ́ra, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín ṣì wà láàyè. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó lè ti kú. Ìbéèrè yìí tó láti fi owó wá lọ́yà fún wákàtí kan.

Ṣé mo lè pe adájọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́?

Kò mú èso wá. Láti ìgbà Pierson v. Ray ní 1967 àti Stump v. Sparkman ní 1978, adájọ́ kì í san owó ìtanràn fún iṣẹ́ ìdájọ́, bí àṣìṣe rẹ̀ tilẹ̀ burú.

Irọ́ ni onílé fi gba ìdájọ́ náà. Ṣé ìyẹn kò yí i padà?

Ó sinmi lé ibi tí ẹ wà. Kóòtù àpapọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ẹkùn Kẹsàn-án, tí California wà lábẹ́ rẹ̀, gbà pé bí jìbìtì náà bá jẹ́ irú èyí tí kò jẹ́ kí ẹ lè rojọ́ rárá, Rooker-Feldman lè má dí yín lọ́nà. Àwọn ẹkùn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí onílé pa lórí ìjókòó ẹlẹ́rìí, tí ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ sì láǹfààní láti ta kò, kì í bọ́ sínú èyí níbikíbi. Gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀ láti tún ìdájọ́ tí wọ́n fi jìbìtì gbà wò.

Wọ́n ní bí mo bá lọ kéde ní kóòtù àpapọ̀ pé n kò lè san gbèsè mi, wọn kò ní lè lé mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́ ni. Bí ẹ bá kéde kí adájọ́ ìpínlẹ̀ tó dájọ́, ìdádúró tí ó wà nínú 11 U.S.C. § 362 yóò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, onílé yóò sì ní láti tọrọ àyè kí ó tó tẹ̀ síwájú. Bí ìdájọ́ bá ti jáde tẹ́lẹ̀, àtúnṣe tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005 yọ ẹjọ́ irú yìí kúrò nínú ìdádúró náà. Ó ku ihò kékeré kan: bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá gba ayálégbé láàyè láti san gbogbo gbèsè lẹ́yìn ìdájọ́ kí ó sì dúró, ẹ lè búra sí i, kí ẹ san owó ilé ọjọ́ 30 tí ń bọ̀ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, kí ẹ sì parí gbogbo gbèsè àtẹ̀yìnwá láàárín ọjọ́ 30 náà.

Àkọsílẹ̀ ìkéde yìí lè wà lórí ìwé ìgbẹ́kẹ̀lé gbèsè yín fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní gbèsè mìíràn ju owó ilé lọ kò yẹ kí ó ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀.

Mi ò tíì ní gírín kádì. Ṣé mo lè lọ sí kóòtù?

Ẹ lè lọ. Àtúnṣe Kẹrìnlá sọ̀rọ̀ nípa «ènìyàn», kì í ṣe nípa ọmọ onílẹ̀ nìkan, ẹjọ́ ìlékúrò kì í sì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ohun tí ó lè ṣòro ni ìrànwọ́ ọ̀fẹ́: àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ń gba owó Legal Services Corporation, àjọ tí ń pín owó ìjọba àpapọ̀ fún ìrànwọ́ òfin ọ̀fẹ́, kò lè gba gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí kì í gba owó yẹn, àti ilé-ẹ̀kọ́ òfin tí ó wà nítòsí yín. Ní ìlú New York, òfin ti fún ayálégbé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà láti 2017.

Ẹnì kan ní òun ní ìwé tí yóò fi hàn pé kóòtù kò ní àṣẹ lórí mi. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Ìwé tí ó ní òǹtẹ̀ nótárì, tí ó sọ pé ẹ jẹ́ «ènìyàn òmìnira» tí òfin ìpínlẹ̀ kò dè, kò tíì gba ilé padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i ni adájọ́ yóò dá lẹ́jọ́ lábẹ́ Òfin Ìlànà Kọkànlá ti kóòtù àpapọ̀, tí ó ka ìwé ẹjọ́ tí kò ní ìpìlẹ̀ léèwọ̀, ẹni tí ó tà á fún yín yóò ti lọ. Bákan náà ni kí ẹ yẹ gbogbo ẹjọ́ àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà bá bá yín kọ wò fínnífínní, nítorí àwọn adájọ́ àpapọ̀ ti fìyà jẹ àwọn tí ó tọ́ka sí ẹjọ́ tí kò sí láyé.

Ṣé mo lè gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington?

Ní òfin, ó ṣeé ṣe: láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn tí kóòtù tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ tí ẹ lè dé bá ti sọ̀rọ̀ tàbí tí ó bá kọ̀ láti gbọ́. Ọ̀ràn òfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé yín láti ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ kò sọ níwájú adájọ́ ìpínlẹ̀, ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ níbẹ̀. Díẹ̀ péré nínú ẹjọ́ tí ó dé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Kóòtù àpapọ̀ ti dá ẹjọ́ mi nù. Kí ni ó kàn?

Ẹ ka ìdí tí ó fi dá a nù. Bí ó bá jẹ́ Rooker-Feldman, ohun tí adájọ́ sọ ni pé òun kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ. Kò sọ pé ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì ti ilẹ̀kùn kóòtù ìpínlẹ̀ mọ́ yín bí àkókò bá ṣì wà. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kóòtù àpapọ̀ kejì.

Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ó dá ẹjọ́ tí ẹ gbé kúrò ní ìpínlẹ̀ padà síbẹ̀ nítorí pé kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, 28 U.S.C. § 1447(d) kò fún yín láàyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àfi bí ẹ bá ti gbé e lọ lábẹ́ § 1442, tí í ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tàbí § 1443, tí í ṣe ti ẹ̀tọ́ ìdọ́gba ẹ̀yà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dín ọ̀nà § 1443 yìí kù gidigidi ní 1966 nínú ẹjọ́ Georgia v. Rachel àti City of Greenwood v. Peacock: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí ohun tí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀tọ́ ìdọ́gba ẹ̀yà gbà ní kóòtù ìpínlẹ̀. Ìbẹ̀rù pé adájọ́ kan lè ṣe ojúsàájú kò tó.